Ẹ bi ẹni tó ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kẹ́ẹ tó tún ọsibítù kọ́

Èrò ọkàn mi nìyí o, ẹni tí kò bá bá lára mu kó fò ó kọjá, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí, tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ sọ ọsibítù kan di ọ̀tun, géètì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe. Géètì ńlá, orúkọ gàdàgbà lókè ẹ̀, péńtì, tááìlì tó ń dán gbinrin tó jẹ́ pé arúgbó tó bá fi sílípáàsì rọ́bà tẹ̀ ẹ́ nígbà òjò máa bá ara ẹ̀ nílẹ̀ ni, POP lókè, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ìyá tó gbé ọmọ tára ẹ̀ ń gbóná láti Ìgbàrà-Òkè wá ṣì máa tò sórí ìlà káàdì nínú oòrùn. Ẹni tó ń kọjá lójú títì ni wọ́n tún un ṣe fún, kì í ṣe ẹni tó ń ṣàìsàn.

Àwọn tó ń ya pláànù ilé ti ń sọ ọ́ báyìí pé aláìsàn ló yẹ kéèyàn máa rò mọ́ ọn kó tó fa ìlà kan sórí pépà. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí, lọ́dọ̀ tiwa aláìsàn kì í dá wá sí ọsibítù. Ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀, àbí ọmọ ẹ̀, àbí àbúrò ẹ̀, ẹni yẹn ló máa sáré lọ ra dríìpù, òun ló máa gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù tó tún máa padà lọ gba èsì, òun ló máa fọ aṣọ, tó máa da ìgbẹ́ nù, tó máa lọ tọrọ omi gbígbóná, tó máa ji nọ́ọ̀sì lóru pé dríìpù ti tán o, tó bá wá rẹ̀ ẹ́ á tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ mú pláànù ọsibítù èyíkéyìí tẹ́ẹ bá rí kẹ́ẹ wá ibi tí wọ́n ya fún ẹni yìí. Yàrá dókítà wà, ọ́fíìsì mátírọ̀ọ̀nù wà, ibi tí ọ̀gá pátápátá ń gbé mọ́tò sí wà tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, ẹni tó ń ṣe ìdajì iṣẹ́ inú wọ́ọ̀dù ò ní àga kan ṣoṣo. Síkíọ́rítì tún máa wá lé e jáde ní kọ́ríìdọ̀ tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi obìnrin dùbúlẹ̀ àìsàn, ọsibítù kan láàárín ìlú Àkúrẹ́ la gbé wọn lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Iwájú la ti gba káàdì, ilé míì pátápátá lẹ́yìn la ti sanwó, láàbù tún wà lódìkejì, èyí tó ń ta oògùn wà nítòsí ibi tá a ti kọ́kọ́ gba káàdì, kò sí òrùlé kankan láàárín ilé kan sí èkejì, òjò wá bẹ̀rẹ̀. Táyà ibùsùn tí wọ́n fi ń tì wọ́n há sáàárín kọ́ńkírí tí wọ́n fi bo gọ́tà, ọmọ wọn ọkùnrin ló pọ̀n wọ́n débi ẹ́síréè. Bọ́ọ̀dù wà lára ògiri lóòótọ́, gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ló júwe ọ̀nà fún wa, wọ́n ní ká má gba iwájú pé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ká gba ẹ̀yìn kíṣìn, ibẹ̀ ló tẹ́jú. Ìyá yẹn mọ ibi tí omi máa ń dúró sí, wọ́n mọ ilẹ̀kùn tí kì í ṣí, wọ́n mọ ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn ń fara pamọ́ sí lóru. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tó ń ya pláànù ti bi wọ́n ní nǹkan kan rí.

Ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ló wá ń dùn mí jù. Àwọn wọ́ọ̀dù àtijọ́ tẹ́ẹ rí yẹn, tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn fẹ̀, tí fàráńdà yí ká, àwa là ń pè é ní ògbólógbòó. Ní 2007 àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ jáde lórí ọsibítù mẹ́jọ ní Lima, olú ìlú Peru, wọ́n wọn bí atẹ́gùn ṣe ń wọlé tó ń jáde nínú àwọn yàrá ibẹ̀, wọ́n wá rí i pé èyí tí wọ́n ti kọ́ ṣáájú 1950 ń gba atẹ́gùn dáadáa ju ti ìgbàlódé lọ, pé téèyàn bá ṣí fèrèsé ibẹ̀ ewu kó kó ikọ́ ẹ̀gbẹ á dínkù gan-an. Àwa ńkọ́? A máa fi POP já àjà wálẹ̀, a máa yọ fèrèsé tó ń ṣí gbayawu, a máa fi gíláàsì tó ń yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò ẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ìdajì ẹ̀ péré ló ń ṣí, a máa wá gbé ésì kọ́ ọn. Ẹni tó bá ń gbé Àkúrẹ́ kó sọ fún mi bí iná ṣe ń ṣe. Tí iná bá ti lọ, wọ́ọ̀dù yẹn di ààrò, gbogbo èèyàn inú ẹ̀ á wá máa mí èémí ara wọn.

Ní Butaro ní orílẹ̀-èdè Rwanda, wọ́n ṣí ọsibítù kan ní 2011, ìta ni wọ́n kọ́ kọ́ríìdọ̀ ẹ̀ sí kí àwọn tó ń wúkọ́ má baà jókòó pọ̀ síbi tó há, wọ́n fi fáànù gbàràmù sókè, wọ́n ṣe fèrèsé lọ́nà tí atẹ́gùn fi ń gba ìsàlẹ̀ wọlé gba òkè jáde, wọ́n wá to bẹ́ẹ̀dì kí aláìsàn lè máa wo ìta dípò kó máa wo ojú ẹni tó ń kú lọ lódìkejì. Òkúta àdúgbò ibẹ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri ẹ̀, bíríkìlà ibẹ̀ ló sì mọ ọ́n. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ṣé òkúta ló wọ́n wa ni?

Ìta tí mo ní kí wọ́n máa wò yẹn kì í ṣe fáàrí o. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Roger Ulrich ti ṣe ìwádìí lórí ẹ̀, ó gbé e jáde ní 1984, àwọn 46 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún ní ọsibítù kan ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ìdajì wọn fèrèsé wọn kọjú sí igi, ìdajì tó kù ògiri bíríkì ni wọ́n ń wò. Àwọn tó ń wo igi ló tètè lọ sílé, wọn ò sì gba oògùn ìrora tó le tó ti àwọn tó kù. Ìlú tí òkè àti igi yí ká bíi tiwa, jẹnẹrétọ̀ ni fèrèsé wọ́ọ̀dù kọjú sí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ìpínlẹ̀ wa wà lára àwọn tí ibà Lásà ń dà láàmú jù ní Nàìjíríà, àwọn ará Ọ̀wọ̀ á sọ fún yín, gbogbo ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé ni wọ́n ń pariwo pé ká bo gààrí, ká má jẹ́ kí èkúté débẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù ńkọ́, ibo lẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn ń gbé gààrí ẹ̀ sí? Inú lailọ́ọ̀nù ni, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ń tì, kíṣìn kékeré tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, omi ẹ̀rọ níbẹ̀, èyí tóbi jù fún wọn láti ṣe ni?

Kì í kúkú ṣe pé a ò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Láyé Gómìnà Mimiko, kí ọsibítù ọ̀fẹ́ ti ìyá àti ọmọ tí wọ́n ń pè ní Mother and Child tó dúró ní Àkúrẹ́ ní 2010, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́re ni wọ́n ti fi ètò ìtọ́jú aláboyún tí wọ́n ń pè ní Abíyè bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ló ń pa àwọn aláboyún, níbo ló ti ń pẹ́. Ṣé àtipinnu láti lọ ni, àbí mọ́tò, àbí pé ó dé ibẹ̀ kò rẹ́ni dá a lóhùn, àbí pé wọn ò tètè gbé e lọ síbi tó tóbi jùyẹn lọ. Wọ́n fún àwọn aláboyún ní fóònù, wọ́n ní àwọn tó ń lọ bá wọn nílé. Nígbà tó yá wọ́n tún lọ bá àwọn ìyá agbẹ̀bí, wọ́n ní ẹni tó bá mú aláboyún wá sí ọsibítù máa gba owó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló lọ déédéé, ohun ọ̀fẹ́ ń pe èrò. Ṣùgbọ́n wọ́n béèrè kí wọ́n tó kọ́lé, ìyẹn ni mò ń sọ.

Ẹnì kan máa ní àwọn dókítà ti jápa tán, ìwọ ń sọ̀rọ̀ àga àti kíṣìn. Òótọ́ ni, ilé ò lè tọ́jú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan tó kù sí wọ́ọ̀dù yẹn náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ yẹn sọ fún mi pé níbi tí tábìlì àwọn wà, bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ làwọn ń rí, ìyókù wà lẹ́yìn ògiri, táwọn bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwọn máa dìde ni, òun nìkan ló sì máa ń wà níbẹ̀ lóru. Tí wọ́n bá ti wó ògiri yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gba ẹlòmíì kún un ni.

Ilé ìyàgbẹ́ nìkan ni mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí inú á bí mi. Ṣáà kọ́ ọ kó pọ̀, kó ní ohun tí aláboyún lè dì mú kó tó dìde, kó ṣe é wọ̀ fún ẹni tó wà lórí wheelchair, kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ má sì wà lápò ẹnì kan tó ti lọ sílé.

Lórí pláànù tuntun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe, kí wọ́n tó da kọ́ńkírí kankan, kí wọ́n yà á gàdàgbà, kí wọ́n kọ Yorùbá sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri wọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ wó yẹn fún oṣù kan gbáko. Kí wọ́n sì so báírò mọ́ ọn.