Fáànù méjì lójú kan kì í jó bọ́ọ̀dù

Láti Ọláìyá títí dé Òkè-Fíà, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pọ̀ ní Òṣogbo. Ẹ wọ ọ̀kan, ẹ ní ẹ fẹ́ fi fáànù mẹ́ta kún kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ jáde jẹ́: "Ojú kan, fáànù kan. Bí ẹ bá so méjì mọ́ ojú kan, bọ́ọ̀dù á jó." Bọ́ọ̀dù ni motherboard, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, ojú sì ni ibi tí wọ́n ń ki wáyà fáànù sí lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé ẹnu wáyà fáànù, wọ́n á so ó mọ́ wáyà yẹ́lò àti dúdú tó ti inú power pack, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, wá. Láti ìgbà tí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà títí ẹ ó fi pa á, eré àsápajúdé ni fáànù náà á máa sá. Àwọn ọmọ yunifásítì UNIOSUN tó ń ṣe géèmù gbà á gbọ́, àwọn tó ń to fídíò ìgbéyàwó pọ̀ náà gbà á gbọ́.

Kì í ṣe òótọ́. Mo sì fẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí kúrò nílẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n ń ṣe láti dáàbò bo bọ́ọ̀dù ni kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀dù rí ohun tó ń lọ mọ́.

Bọ́ọ̀dù kì í ka iye fáànù. Iná tí wọ́n ń fà ló kàn án. Aláàárù ọjà Ìgbọ̀nà kì í torí pé ẹrù jẹ́ àpò méjì kó sá, ó máa gbé e wò ná. Àwọn pín kéékèèké tí wọ́n kọ CPU_FAN, SYS_FAN tàbí CHA_FAN sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mò ń pè ní ojú fáànù. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́ọ̀dù, ojú kọ̀ọ̀kan lè gbé amp 1 lórí volt 12, ìyẹn watt 12. Àwọn ojú míì wà tí wọ́n ṣe fún pọ́ǹpù omi tí wọ́n fi ń mú kọ̀ǹpútà tutù, wọ́n lè gbé amp 2 tàbí 3. Ìwé tó bá bọ́ọ̀dù wá máa ń sọ ọ́, ẹ sì lè rí ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀dù.

Ẹ wá yí fáànù yín sẹ́yìn. Bébà róbótó kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n kọ nǹkan bíi "DC 12V 0.20A" sí. Bí mẹ́ta irú rẹ̀ bá wà lójú kan, 0.60 amp ni gbogbo wọn, iyẹn ò tíì tó watt 8. Bọ́ọ̀dù yín ò ní mọ̀ ọ́n lára. Òótọ́ ni pé fáànù máa ń fa iná díẹ̀ sí i nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, torí náà èmi kì í jẹ́ kí àròpọ̀ kọjá 0.7 tàbí 0.8 lórí ojú tó ń gbé amp 1.

Ẹ fi èyí wé fáànù tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ server, èyí tó nípọn tó sì wúwo lọ́wọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ lè bá 1.5A níbẹ̀, nígbà míì ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni o, ó sì ti ju ohun tí ojú náà lè gbé. Ẹni tó ń tẹ̀ lé "ojú kan, fáànù kan" máa ki í bọ ibẹ̀ láìfòyà, bọ́ọ̀dù sì lè jó bí ó tilẹ̀ pa òfin mọ́. Àwọn nǹkan míì tó ń ba nǹkan jẹ́ náà wà: kí ẹ ki iná aláràbarà tó ń lo volt 5 sí ojú iná aláràbarà volt 12, tàbí kí wọ́n lọ́ wáyà pọ̀ kí wọ́n fi téèpù dì í, kí téèpù tú lọ́jọ́ kan kí wáyà sì kan irin kéèsì. Kò sí èyí tó kan iye fáànù nínú wọn.

Ohun tí ẹ nílò láti so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ ni splitter, wáyà tó ní ẹnu kan níhìn-ín, ẹnu méjì tàbí mẹ́ta lọ́hùn-ún. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó rà á. Èyí tó dáa, ẹnu kan nínú àwọn tí wọ́n ń ki fáànù sí ló máa pé pérépéré. Nínú àwọn yòókù, pín kẹta á ṣófo. Àwọn kan máa ń dá a padà fún ọlọ́jà pé ó ti ya. Kò ya. Wáyà kẹta ni fáànù fi ń jíṣẹ́ fún bọ́ọ̀dù: bó bá yípo lẹ́ẹ̀kan, á rán àmì méjì, àmì yẹn ni bọ́ọ̀dù ń kà tó fi mọ bí ó ṣe ń sáré tó. Bí fáànù méjì bá ń rán àmì gba orí wáyà kan náà, ìkà rẹ̀ á dàrú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Torí náà, fáànù tó jọra ni kí ẹ dì pọ̀, àwọn iwájú papọ̀, ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, torí àṣẹ kan náà ni gbogbo wọn á máa gbà. Ti CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀, mo fẹ́ kó dá wà lójú tirẹ̀ nígbà gbogbo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí. Fáànù tí wọ́n so mọ́ power pack tààrà kò rán àmì kankan sí bọ́ọ̀dù. Bó bá kú láàárín òru nígbà tí ẹ ń render fídíò, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Bó bá wá jẹ́ fáànù CPU ni wọ́n so bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀dù á kígbe nígbà tó bá ń tàn pé "CPU Fan Error". Kí ni wọ́n máa ń ṣe sí i? Wọ́n á wọ BIOS, ojú ìwé ètò bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, wọ́n á sún un sí "Ignore", ìyẹn "má kà á sí". Ariwo yẹn ló yẹ kó gba kọ̀ǹpútà yín là, wọ́n sì ti pa á lẹ́nu mọ́.

Wáyà kẹrin, bí fáànù yín bá ní in, ni àṣẹ ń gbà, òun ni wọ́n ń pè ní PWM. Ìlànà tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní 2005 fi àṣẹ yìí sí 25 kHz, ìyẹn àmì ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Volt 12 á dúró gbọin, àṣẹ orí wáyà kẹrin ló ń sọ fún fáànù bí yóò ṣe sáré tó. Fáànù oníwáyà mẹ́ta kò ní èyí, iye volt ni wọ́n fi ń darí tirẹ̀. Bí ẹ bá ki í sí ojú onípín mẹ́rin tí BIOS sì wà ní PWM, eré tó le jù lọ ni yóò máa sá, àwọn èèyàn á sì rò pé fáànù náà ti bàjẹ́. Ẹ kàn sún ojú náà sí DC nínú BIOS, ìyẹn ìdarí pẹ̀lú iye volt, á gbọ́ràn.

Àwọn kan á ní, ṣebí eré tó pọ̀ ló ń mú kó tutù? Bẹ́ẹ̀ ni, títí dé ibì kan. Bí ẹ bá dín eré fáànù kù sí ìdajì, atẹ́gùn rẹ̀ á dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ á já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ariwo rẹ̀ á sì fi bíi 15 dB dín. Kò sì sí fáànù tó lè mú inú kéèsì tutù ju yàrá tó wà lọ. Ní ọ̀sán oṣù kẹta ní Òṣogbo, yàrá lè wà ní ìwọ̀n 34 tàbí 35 Celsius, bí ẹ bá ní kí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í le láti ìwọ̀n 40, kò ní sinmi láé. Nínú BIOS, èmi máa ń fi eré fáànù sí nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ooru CPU bá wà ní ìwọ̀n 45, ìdá 60 ní ìwọ̀n 65, kí ó tó tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n 80. Lásìkò ọyẹ́ pàápàá, fáànù tí kò sinmi, eruku ló ń kó wọlé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Bí fáànù bá pọ̀ tó mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ ra hub, àpótí kékeré tí wọ́n ń so ọ̀pọ̀ fáànù mọ́, èyí tó ń gba iná láti ẹnu SATA power pack, ẹnu pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fún hard disk níná. Ẹnu SATA lè gbé amp 4.5 lórí volt 12. Iná á ti power pack wá, àṣẹ PWM nìkan ni yóò ti bọ́ọ̀dù wá, àṣẹ kì í sì í wúwo fún un. Fáànù oníwáyà mẹ́rin ni kí ẹ lò níbẹ̀. Àwọn Dell àti HP tòkunbọ̀ kan ní ẹnu fáànù tiwọn lọ́tọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó.

Tí wọ́n bá ti so tiyín mọ́ power pack, tí ẹnu fáànù ò sì tíì gé, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ níná, ẹ dá a padà sójú rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn náà ẹ wọ BIOS, ẹ wá "Ignore" yẹn lábẹ́ CPU fan, kí ẹ mú un kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó de kéèsì pa.