Eré tí Amẹ́ríkà fi na Soviet ní 1980 kì í ṣe àṣekágbá

Bí wọ́n bá dárúkọ họ́kì orí yìnyín, Lake Placid ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn: ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí Amẹ́ríkà ti na Soviet 4-3 ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1980, nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ibi kan náà ni gbogbo ẹni tó ń sọ ọ́ máa ń parí ìtàn sí: àwọn ọmọ yunifásítì na Soviet, wọ́n sì gba wúrà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí eré yẹn parí ní ọjọ́ Jímọ̀, Amẹ́ríkà ò tíì gba nǹkan kan.

Ìdíje ọdún yẹn ò ní àṣekágbá rárá. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló kù ní ìpele tó kẹ́yìn: Amẹ́ríkà, Soviet, Sweden àti Finland. Ẹni tó bá borí gba àmì méjì, ọ̀mì gba ẹyọ kan, ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ni wúrà. Èsì àwọn tó ti pàdé tẹ́lẹ̀ nínú ìsọ̀rí sì wà nínú ìṣirò náà. Amẹ́ríkà àti Sweden ti ta ọ̀mì 2-2 ní ọjọ́ 12. Bill Baker ló gbá góòlù tó yọ Amẹ́ríkà, nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 27. Soviet ti na Finland 4-2. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ yìí, Sweden àti Finland náà ta ọ̀mì 3-3.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Amẹ́ríkà ní 3, Soviet 2, Sweden 2, Finland 1. Eré kọ̀ọ̀kan ṣì kù fún gbogbo wọn ní ọjọ́ Àìkú. Soviet na Sweden 9-2, ó di 4. Ká ní Finland na Amẹ́ríkà ni, orí 3 ni Amẹ́ríkà ì bá wà, Soviet tí wọ́n nà yìí ni ì bá sì gbé wúrà lọ sílé!

Mi ò sọ pé eré ọjọ́ Jímọ̀ kéré o. Soviet ti gba wúrà ní 1964, 1968, 1972 àti 1976 láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì yẹn gan-an, wọ́n na àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wọ̀nyí 10-3 ní Madison Square Garden. Ní Lake Placid, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógójì ni Soviet gbá a sí ojúlé Jim Craig, asọ́lé Amẹ́ríkà, mẹ́ta péré ló wọlé. Mike Eruzione gbá góòlù kẹrin fún Amẹ́ríkà nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì dì í mú títí tó fi parí.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló gbé eré náà ga ju ti ọjọ́ Àìkú lọ. Soviet ti kó ọmọ ogun wọ Afghanistan, ààrẹ Jimmy Carter sì ń bẹ ayé pé kí wọ́n má lọ sí Òlíḿpíìkì Moscow. Àní oṣù Kejì yẹn náà ló rán Muhammad Ali wá sí Áfíríkà, títí dé Nàìjíríà, lórí ọ̀rọ̀ yìí. A ò gbà, a lọ sí Moscow.

Wọ́n tún máa ń pe ikọ̀ Amẹ́ríkà yìí ní ọmọ iléèwé tí kò mọ nǹkan kan. Òótọ́ ni pé yunifásítì ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, pàápàá Minnesota àti Boston. Ṣùgbọ́n Herb Brooks tó kọ́ wọn ti fi ikọ̀ Minnesota gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì ní 1974, 1976 àti 1979. Eruzione, balógun wọn, ti jáde ní yunifásítì, ọmọ ọdún 25 ni. Mẹ́tàlá nínú ogún wọn ló padà gbá họ́kì nínú NHL, líìgì àwọn tó ń fi họ́kì ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Eré Finland ló dùn mí jù pé wọ́n gbàgbé. Ìdá mẹ́ta ni wọ́n pín eré họ́kì sí. Nígbà tí ìdá kejì parí, Finland ló ń ṣáájú, 2-1. Brooks wọlé tọ àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní bí wọ́n bá pàdánù eré yìí, wọ́n á gbé e dé sàréè wọn. Phil Verchota gbá ọ̀kan wọlé, ó di 2-2. Rob McClanahan gbá òmíràn. Mark Johnson wá gbá ẹ̀kẹrin nígbà tí èèyàn wọn ò tiẹ̀ pé lórí pápá, torí pé adarí eré ti yọ ọ̀kan nínú wọn sẹ́yìn fún ìjìyà. 4-2. Ibẹ̀ ni wúrà ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Àwòrán Jim Craig tó fi àsíá Amẹ́ríkà bora, tó ń wá bàbá rẹ̀ láàrin èrò, tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìtàn eré Soviet, lẹ́yìn eré Finland ni wọ́n yà á.