Ọmọ Wa Ni Wọ́n Fi Ń Nà Wá

Ọmọ Òṣogbo ní Maryland: Ó ti sú mi. Láti 2014 tí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì Maryland ti wọ Big Ten, líìgì àwọn yunifásítì, títí di 2023, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án la pàdé Yunifásítì Ohio State, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n nà wá. 62-3 ní 2016! Ṣé kóòṣì ni kò mọṣẹ́ ni, àbí àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá ni kì í dúró nílé?

Baba Fúnkẹ́: Bọ́ọ̀lù wo lẹ ń gbé sáyà sá lọ? Ìjàkadì nìyẹn.

Adé Columbus: Ẹ sunkún dáadáa. Iléèwé DeMatha ní Hyattsville ni Chase Young, agbábọ́ọ̀lù wa, ti jáde, kò tó máìlì márùn-ún sí pápá yín. Ohio ló yàn. Òun ló fọ́ yín ní 73-14 lọ́dún 2019.

Yẹmí Laurel: Irọ́ ńlá! Chase Young ò gbá a lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti dá a dúró nítorí owó tó yá.

Ṣọlá B.: Kóòṣì ni jàre. Vanderbilt tí wọn ò kà sí na Alabama tó lórúkọ 40-35 ní 2024, wọ́n sì gbé òpó gólì lọ sọ sódò Cumberland.

Adé Columbus: @Yẹmí, mo fojú mi rí i.

Yẹmí Laurel: Iwin lo rí.

Ìyá Ìbejì: Èmi tí mò ń sanwó iléèwé Maryland ní College Park, ìwé ni mo rò pé wọ́n ń kà níbẹ̀ o.

Ọmọ Òṣogbo ní Maryland: Ti 2018 ló dùn mí jù, 52-51. Mo wà ní pápá. Àmì méjì péré ló kù ká gbà. Ẹni tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí dá dúró, kò sẹ́ni tó mú un, bọ́ọ̀lù kọjá lára ẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ mi fi fìlà bojú, kò ṣí i mọ́. Ta ló sì ń ju bọ́ọ̀lù fún Ohio? Dwayne Haskins tó jáde ní iléèwé Bullis, ní Potomac wa níbí, tó ti kọ́kọ́ ṣèlérí fún Maryland. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Adé Columbus: Yẹmí, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ gan-an?

Yẹmí Laurel: Ọjọ́ orí mi ò lè gbé Chase Young wọ pápá. Ìyẹn ni pé láìsí i, ẹ ṣì fi 73 nà wá. Ìtìjú tiwa nìyẹn, kì í ṣe ògo tiẹ̀.

Baba Fúnkẹ́: Gólì 73? Níbo ni kípà wà?

Ṣọlá B.: KÓÒṢÌ NI!!! Indiana borí mẹ́ta ní 2023, wọ́n pààrọ̀ kóòṣì, wọ́n borí 11 ní 2024. KÓÒṢÌ!

Ìyá Ìbejì: Yẹmí, ṣé o lè bá mi gbé ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì lọ́jọ́ Sátidé?

Yẹmí Laurel: Ẹ má bínú mà, Sátidé ni bọ́ọ̀lù. Kó di Sọ́ńdè.