Kí Ọmọ Ti Máa Mí Kó Tó Wọkọ̀

Bí obìnrin kan bá rọbí lóru ní Ìkòyí-Ilé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí oyún rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ 30 lọ, ọmọ náà lè ké lẹ́ẹ̀kan kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, imú á máa fẹ̀, àyà á máa jìn wọnú. Ohun tí ìyá sábà máa ń gbọ́ ni, "Ẹ tètè máa gbé e lọ Ògbómọ̀ṣọ́." Ọkọ̀ dà lóru?

Ẹ̀dọ̀fóró irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dà bí àpò ọ̀rá tí omi mú lẹ̀ mọ́ra: ẹ ṣí i, ó tún lẹ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ kì í sábà tó nínú rẹ̀ títí oyún fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34. (Ẹ má dá àwọn tó ní ọmọ oṣù méje ń yè ju ti oṣù mẹ́jọ lóhùn.) Gbogbo ìmí rẹ̀, ìjàkadì ni, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, á dákẹ́.

Láti 1971 ni George Gregory àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco ti fi hàn pé atẹ́gùn tí kò dáwọ́ dúró lè ti ẹ̀dọ̀fóró náà ṣí. CPAP ni wọ́n ń pè é. Èyí tó ń lo ìgò kò le: róbà kékeré wọ ihò imú, wọ́n ri ẹnu róbà mìíràn sínú omi inú ìgò ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6. Bí atẹ́gùn bá ń mú kí omi náà máa hó, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní a tilẹ̀ lè fi sí ọmọ tí oyún rẹ̀ kò tó ọ̀sẹ̀ 32 lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bí i, ì báà má tíì fi ìnira hàn.

Àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà nígboro Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n irú ọmọ yìí lè máà lè mí débẹ̀. Ohun tí à ń béèrè ni kí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé CPAP dé ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire, Ògo Olúwa àti Súrùlérè.

Ẹ̀rọ nìkan kò tó o. Ìgò kò wúlò níbi tí iná ti lọ, tí ọ́síjìn ti tán. Ọ́síjìn àpọ̀jù náà ń ba ojú ọmọ jẹ́, nítorí náà ohun tí wọ́n fi ń wọn ti inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a dé, pẹ̀lú sólà. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá sì kọ́ níṣẹ́ yìí, kí wọ́n má gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù àgbàlagbà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta; àṣà yẹn ti sú wa.

Bí ìṣúná bá tún dé ilé aṣòfin n'Ìbàdàn, kí àwọn aṣojú ẹkùn Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè: ilé ìwòsàn wo, ẹ̀rọ mélòó, nọ́ọ̀sì mélòó, oṣù wo?