Ẹ̀ga Ẹ̀yìnkùlé Mi Kì í Ṣe Àjẹ́

Sátidé tó kọjá ni wọ́n gé ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa n'Ìbàdàn níbí. Inú mi ò tíì rọ̀. Wòlíì kan ló sọ fún aládùúgbò mi pé àwọn ẹ̀ga orí igi náà ló ń yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Aládùúgbò mi sọ fún baba onílé, baba onílé pe agégi. Kí n tó ti ọjà dé, igi ti wà nílẹ̀, ìtẹ́ fọ́n káàkiri.

Gbogbo ẹyẹ ló ti di àjẹ́ lójú wa. Òwìwí ké, òkò. Àdàbà bà sójú fèrèsé, ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta wá ló fi ẹyẹ sórí adé àwọn ọba wa? Jésù fúnra rẹ̀ ní ká wo àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run. Kò ní ká gé igi mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, mi ò lè gbàdúrà fún oṣù mẹ́ta. Tí mo bá kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ò ní í wá. Mo máa ń gbé àpótí lọ sẹ́yìnkùlé láàárọ̀ kí àwọn ọmọ má baà rí omijé mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo akọ ẹ̀ga kan, orí rẹ̀ dúdú, ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ ní fọ́nrán-fọ́nrán, ó ń hun ún títí ìtẹ́ fi rọ̀ dirodiro, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Ó wá dorí kodò sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọn ìyẹ́, ó ń pe abo. Abo dé, ó yọjú wo inú ilé, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ìtẹ́ gbẹ, akọ fi ẹnu ara rẹ̀ tú u palẹ̀, ó tún lọ já imọ̀ tútù wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tú u lójú mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, abo kan wọlé, ó dúró. "Olúwa, o ṣé" já bọ́ lẹ́nu mi. Àdúrà àkọ́kọ́ tí mo gbà láti ìgbà ìsìnkú nìyẹn.

"Mọ̀mí, ẹ ò gbọ́ ariwo wọn ni? Ìpàdé ni wọ́n ń ṣe." Ohun tí aládùúgbò mi máa ń wí nìyẹn.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ṣùgbọ́n èyí, wọ́n gé igi ní Sátidé, ibà ọmọ rọlẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ọjọ́ karùn-ún tó ti ń lo oògùn ọsibítù ni o, ta ló ka ìyẹn sí? Aládùúgbò mi mú ọmọ náà wá kí mi. Ojú ìyá wú fún àìsùn. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, mo gbé e mọ́ra, ara rẹ̀ tutù. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti bá ìyá rẹ̀ sọ, mi ò rí ọ̀kankan sọ.

Láàárọ̀ yìí mo tún gbé àpótí jáde. Akọ ẹ̀ga kan gbé koríko sẹ́nu wá, ó rà bàbà níbi tí orí ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀, ó sì fò lọ.