Àtúnṣe: Kì í ṣe ẹbí nìkan ló lè gbẹnu sọ fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé
Ọ̀rọ̀ kan tó ń tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp ní Adó-Èkìtì ń sọ pé ẹni tí kì í bá ṣe ẹbí tàbí lọ́yà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nítorí òṣèlú. Irọ́ gbáà ni, ó sì léwu, nítorí ó ń pa àwọn aládùúgbò lẹ́nu mọ́. Ìlànà ọdún 2009 tí àwọn ilé ẹjọ́ fi ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gba ẹnikẹ́ni láàyè, títí kan ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti ẹgbẹ́, láti pẹjọ́ fún ẹni tó wà ní àhámọ́, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ dà á nù torí pé olùpẹ̀jọ́ kò bá a tan. Nígbà tí ìjọba ológun ti Fẹ́mi Fálànà, lọ́yà ajàfẹ́tọ̀ọ́, ọmọ Ìlawẹ̀-Èkìtì, mọ́lé ní 1992, Amnesty International, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn lágbàáyé tí kò bá a tan rárá, wà lára àwọn tó ké gbàjarè.

Bí ilé ẹjọ́ tó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn, abala 35 ìwé òfin 1999 fún ọlọ́pàá ní ọjọ́ kan péré láti gbé afurasí lọ síbẹ̀, àfi bí ìjìyà ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ikú. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá àti wákàtí tí wọ́n mú un sílẹ̀ fún lọ́yà.