A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́: ẹjọ́ obìnrin tí wọ́n ń lù nílé ọkọ

Bí obìnrin bá ní òun fẹ́ lọ sí tẹ́ṣàn nítorí pé ọkọ òun lu òun, òwe tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi dá a dúró ni pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyá rẹ̀ á pa òwe náà fún un, pásítọ̀ tàbí àlùfáà á pa á fún un. Ẹ̀gbọ́n ọkọ á fi tirẹ̀ kún un pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí wọ́n tó pa gbogbo òwe náà tán, ojú tó wú ti rọlẹ̀, obìnrin ti padà sí ìdí ààrò.

Èmi ò bá òwe náà jà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó bá mu: ọmọ ìyá méjì tó ń du ilẹ̀ baba wọn, aládùúgbò méjì tó ń fa ààlà, ẹni tó yáni lówó àti ẹni tó jẹ gbèsè. Ọ̀rẹ́ ṣì wà láàárín irú wọn tí kóòtù lè bà jẹ́. Kò sí èyí tó ń bẹ̀rù pé ẹnì kejì á fún òun lọ́rùn lóru. Ọkùnrin tó fi bẹ́líìtì na ìyàwó rẹ̀ lójú àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀rẹ́ wo ló kù níbẹ̀ tí adájọ́ fẹ́ wá bà jẹ́? Ilé ni ọ̀rẹ́ náà kú sí, kò dé kóòtù rárá. Ẹbí lè parí ìjà. Ìyà tí wọ́n ń fi jẹ ènìyàn lọ́dọọdún, ìyẹn ti kọjá ohun tí ẹbí ń fi ẹ̀bẹ̀ parí.

Ọ̀pọ̀ ló sì rò pé kóòtù tí à ń wí yìí, Mápó n'Ìbàdàn ni, níbi tí tọkọtaya ti ń lọ tú ìgbéyàwó ká. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òfin ọ̀daràn ni mò ń sọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó ta ko ìwà ipá sí ènìyàn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP. Ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 3, tàbí kó san ìtanràn tó lè tó 200,000 náírà, tàbí kó gba méjèèjì pọ̀. Ẹni tó lé ẹnì kejì jáde nílé tipátipá, ẹ̀wọ̀n lè tó ọdún 2. Ẹni tó pa aya àti ọmọ tì láìfi oúnjẹ sílẹ̀, ó lè tó ọdún 3. Èébú àti ìdẹ́rùbà tó ń ba ọkàn jẹ́ náà wà nínú ẹ̀. Owó ìtanràn yẹn kéré lójú mi, pàápàá bí náírà ṣe rí báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Abuja ni òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn ti múlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti sọ ọ́ di tirẹ̀, ìjìyà sì lè yàtọ̀. Ilẹ̀ Yorùbá ò tilẹ̀ dúró de Abuja. Èkó ti ṣe òfin lórí ìwà ipá nínú ilé ní 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Ní 2021 ni Èkó fi òfin gbé àjọ DSVA dìde fún irú ẹjọ́ báyìí.

Ohun tí àwọn tó ń pa òwe kì í sọ fún obìnrin ni pé kóòtù kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀wọ̀n nìkan. Obìnrin náà lè ní kí adájọ́ fún òun ní àṣẹ ìdáàbòbò. Àṣẹ yẹn lè ká ọkùnrin náà lọ́wọ́ kò pé kó má fọwọ́ kàn án mọ́, kó má wọ ilé tí wọ́n jọ ń gbé, kó má lọ dà á láàmú níbi iṣẹ́. Adájọ́ lè pàṣẹ pé kí ọkùnrin náà san owó tí obìnrin àtàwọn ọmọ máa fi gbọ́ bùkátà. Òfin VAPP tún ní kí ọlọ́pàá bá obìnrin náà kọ ẹ̀sùn, kó gbé e dé ọsibítù tàbí ibi tí ọkàn rẹ̀ á ti balẹ̀, kó sì tẹ̀ lé e padà lọ kó ẹrù rẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá ní "ẹ lọ parí ẹ̀ nílé, ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni," kò ṣe iṣẹ́ tí òfin rán an.

Ẹ jẹ́ kí n wá kọjú sí ẹ̀yin àna. Bí ìyàwó bá wọlé wa, òun ló ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ọmọ ilé, títí dé èyí tí kò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi ń kúnlẹ̀ fún un. Ọwọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ènìyàn kan, ó yẹ kó dáàbò bò ó. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ mìíràn ló máa ń ti ọmọ rẹ̀ pé "ìwọ ọkùnrin wo nìyí, o ò lè kápá ìyàwó rẹ?" Òfin mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ náà: ẹni tó bá ti ènìyàn láti lu aya rẹ̀, tàbí tó gbà á nímọ̀ràn, ní ẹ̀sùn tirẹ̀ láti jẹ́. Bí ọkọ bá sì kú, àwọn ará ilé tó bá ń fá orí opó tipátipá, tí wọ́n ń fi omi tí wọ́n fi wẹ òkú mú un búra, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2 ń dúró dè wọ́n lábẹ́ òfin kan náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tó wà nínú agboolé tí orí ìyàwó ń wọ́ lójú rẹ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Osinachi Nwachukwu, olórin ẹ̀mí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, kú ní Abuja. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn tó sún mọ́ ọn ń jáde sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ gíga Abuja dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Òfin ṣiṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ìyá àwọn ọmọ ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń sìn ọmọ lọ sílé ọkọ, ẹ lè sọ fún un pé ilé ọkọ ni ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má sọ fún un pé kó má padà wá. Ìbẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní dálémọsú ti pa ẹlòmíràn sínú ilé. Ìwọ tí wọ́n ń lù, jẹ́ kí dókítà kọ ohun tó rí lára rẹ sílẹ̀, ya àwòrán ojú egbò, kí o sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé, kí o tó pa á rẹ́ lórí tìrẹ. Ìwé ìbí àwọn ọmọ àti káàdì ìdánimọ̀ rẹ, kó wọn sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí kò sí ní agboolé ọkọ.